Ẹ ṣọ́ra fún àjẹ́ńtì gbàǹjo tí mọ́tò rẹ̀ máa ń dé lóòótọ́

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ra mọ́tò láti gbàǹjo Amẹ́ríkà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ dúró ná. Ẹ ka èyí tán kí ẹ tó dá àjẹ́ńtì yín lóhùn.

Gbogbo wa la mọ gbájúẹ̀ tó máa ń gbowó tán tí yóò pa fóònù. Ìyẹn kọ́ ni mo bá wá. Èmi, mọ́tò mi dé. Ó dé sí Tin Can, a wà á dé Ìbàdàn, a pa adìẹ, pásítọ̀ gbàdúrà sí i. Oṣù márùn-ún gbáko ni mo fi ń yin ẹni tó jà mí lólè fún ẹnikẹ́ni tó bá béèrè. Èèyàn méjì ló ti ipasẹ̀ mi lọ bá a. Ojú ń tì mí láti rí wọn báyìí, ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ eléyìí.

Búrẹ́dì ni mo ń ṣe. Sienna ni mo fẹ́, torí tí èèyàn bá yọ àga ẹ̀yìn kúrò, búrẹ́dì tó ń gbà kì í ṣe kékeré. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, wọ́n júwe ọmọkùnrin kan fún mi tó ní Atlanta lòun ń gbé, pé òun máa ń bá àwọn ará ilé ra mọ́tò. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti yí orúkọ tó ń lò lórí Instagram padà látìgbà náà, nítorí náà ọgbọ́n tó ń dá ló yẹ kí ẹ mọ̀.

Kí n kọ́kọ́ sọ bí gbàǹjo náà ṣe rí. Copart àti IAAI ni ilé gbàǹjo méjì tí àwọn èèyàn wa mọ̀ jù. Tí mọ́tò bá ní ìjàǹbá tí iléeṣẹ́ ìbánigbófò sì rí i pé owó àtúnṣe ti pọ̀ jù, wọ́n á sanwó fún ẹni tó ni ín, wọ́n á gba mọ́tò náà, wọ́n á gbé e lọ fún ilé gbàǹjo. Mọ́tò kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà lọ́ọ̀tì tirẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà tí ilé gbàǹjo fi ń dá a mọ̀, àti VIN tirẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí iléeṣẹ́ tó ṣe mọ́tò fún un. Ibi tó ti bàjẹ́, irú ìwé tó ní, bóyá kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń kọ sábẹ́ fọ́tò. Ilé gbàǹjo ò purọ́ fún mi rárá. Ohun tí mo nílò láti mọ̀ wà níbẹ̀ gbangba. Ẹni tó dúró láàárín wa ló gé e kúrò kó tó kàn mí.

Ohun tó fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp ni fọ́tò Sienna 2013 kan tí bọ́ńpà rẹ̀ ti já, pẹ̀lú àkọlé "Run and Drive". Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, iwájú nìkan ló gbá, bọ́ńpà àti iná ni. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, ó ń rìn!" Mo ní kó fún mi ní nọ́ńbà lọ́ọ̀tì. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní tí òun bá fi sílẹ̀, àwọn àjẹ́ńtì yòókù á rí i, wọ́n á gbé owó rẹ̀ lé wa lórí. Ọ̀rọ̀ náà bọ́gbọ́n mu létí mi. Àṣé irọ́ funfun báláú ni. Ojú gbogbo ayé ni wọ́n ti ń ṣe gbàǹjo yẹn, àṣírí wo ló wà nínú nọ́ńbà lọ́ọ̀tì?

Ó ní a borí ní 4,300 dọ́là. Ó fi ìwé ránṣẹ́ tí owó náà wà lórí rẹ̀. Náírà ni mo san, sínú àkáǹtì obìnrin kan tó ní àbúrò òun ni.

Oṣù karùn-ún tí mọ́tò dé ni iná eábáàgì tàn tí kò kú mọ́. Lẹ́yìn náà ni wíńdò ń sọ ara rẹ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀. Lọ́jọ́ kan mọ́tò kú mọ́ mi lọ́wọ́ ní Dùgbẹ̀, pẹ̀lú búrẹ́dì gbígbóná nínú rẹ̀, kò sì jí mọ́. Bàbá tó ń ṣe ríwáyà fún mi ká kápẹ́ẹ̀tì sókè. Yanrìn ló wà níbẹ̀, yanrìn funfun kíkúnná. Nọ́ọ̀tì tó di àga mú ti dípẹtà. Àwọn wáyà tó wọ inú brain box ti yọ ìpẹtà aláwọ̀ ewé. Bàbá náà nu ọwọ́, ó ní, "Ọmọ mi, mọ́tò yìí ti wẹ̀ lókun rí."

Ọmọ àbúrò bàbá mi obìnrin kan wà ní Houston. Mo pè é, ohun tó kọ́kọ́ sọ ni pé, "Bọ̀ọ̀dá, ṣé ẹ tiẹ̀ fi VIN rẹ̀ sínú Google?" Mi ò ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Ó ṣe é lójú ẹsẹ̀, fọ́tò gbàǹjo àtijọ́ náà sì jáde. Sienna mi ni, bọ́ńpà mi ni. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n kọ sí ibi àkọ́kọ́ tó bàjẹ́ ni "Water/Flood", iwájú tó gbá ló wà ní ipò kejì. Florida ni mọ́tò náà wà. Ẹ rántí pé ìparí oṣù kẹsàn-án ọdún 2022 ni ìjì Ian kọlu Florida, tó sì ti omi òkun wọ ìgboro. Omi iyọ̀ burú fún wáyà ju omi òjò lọ. Iye tí wọ́n tà á? 2,150 dọ́là. Ìlọ́po méjì gééré ni ọmọ náà kọ sínú ìwé tó fi ránṣẹ́ sí mi.

Nípa "Run and Drive" yẹn: ohun tó túmọ̀ sí kò ju pé lọ́jọ́ tí mọ́tò dé ọgbà wọn, ó jí, ó wọ jíà, ó sì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ sún. Ó tán. Ẹnikẹ́ni ò ṣèlérí pé yóò rìn lọ́la.

Nítorí náà, nọ́ńbà lọ́ọ̀tì àti VIN, kí ẹ tó san kọ́bọ̀. Àjẹ́ńtì tó bá ní kò ṣeé ṣe, ẹ kí i pé ó dàárọ̀. Tí ẹ bá rí VIN gbà, ẹ kà á: lẹ́tà àti nọ́ńbà mẹ́tàdínlógún ló gbọ́dọ̀ pé, kì í sì í ní lẹ́tà I, O tàbí Q nínú. Nínú mọ́tò tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà, ìkẹwàá ló ń sọ ọdún rẹ̀: D ni 2013, E ni 2014, F ni 2015. Ẹni tó bá pe F ní 2017 fún yín ti dá ara rẹ̀ lẹ́jọ́. Ẹ fi í sínú Google bí ọmọ Houston yẹn ti ṣe. Tí ẹ bá ní èèyàn lọ́hùn-ún, kó bá yín yẹ̀ ẹ́ wò lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní VINCheck ti NICB, àjọ tó ń gbógun ti jìbìtì ìbánigbófò ní Amẹ́ríkà. Kì í ṣe gbogbo iléeṣẹ́ ìbánigbófò ló wà níbẹ̀ o, àìrí nǹkan kan níbẹ̀ ò ní kí mọ́tò mọ́. Kódà àwọn kan máa ń gbé mọ́tò tí omi mu kọjá sí ìpínlẹ̀ mìíràn láti gba ìwé tuntun tí kò ní dárúkọ omi.

Ọgbọ́n kan tún wà tí wọ́n fi mú ọ̀kan nínú àwọn méjì tí mo júwe. Wọ́n ní ẹni tó ni mọ́tò kọ iye tí ó pè, kó fi 500 dọ́là lé e. Ó máa ń ṣẹlẹ̀ lóòótọ́ pé kí olówó mọ́tò kọ iye tí èèyàn pè, ìyẹn ló mú kí irọ́ náà wọlé. Ẹ ní kí wọ́n fi ojú ìwé lọ́ọ̀tì hàn yín lórí fídíò, kí ẹ máa wò ó bí wọ́n ṣe ń ṣí i.

Owó tí ẹ bá fi borí gbàǹjo kọ́ ni gbogbo owó. Ilé gbàǹjo ń gba tiwọn lórí rẹ̀, ọgbà ń ka owó ojoojúmọ́ tí ẹ ò bá tètè gbé e, ká tó wá sọ ti ọkọ̀ ojú omi àti Aṣọ́bodè. Ẹ gba gbogbo rẹ̀ ní kíkọ sílẹ̀. Tí ẹ bá sì rí "Certificate of Destruction" (pé kí wọ́n tú mọ́tò náà palẹ̀) tàbí "Parts Only" (pé páàtì nìkan ló wà fún) lórí ìwé mọ́tò, ẹ fi sílẹ̀ fún àwọn tó ń ta páàtì.

Nígbà tí mo pe ọmọkùnrin náà, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, gbàǹjo ni, bó ṣe wà ni wọ́n ń tà á." Mo bi í léèrè 2,150 dọ́là. Ó gé fóònù, ó sì dí nọ́ńbà mi.

Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, ọkùnrin kan tó ń ra búrẹ́dì lọ́wọ́ mi fi fọ́tò Highlander kan hàn mí, inú rẹ̀ ń dùn. Ìka ẹnìkan wà lórí fọ́tò náà, ó bo ibi tí nọ́ńbà lọ́ọ̀tì wà. Mo ní kó kọ̀wé sí wọn pé kí wọ́n gbé ìka kúrò. Títí di òwúrọ̀ yìí, wọn ò tíì dá a lóhùn.