Òórùn panla ní Ísafjörður: ọdún méjì mi lẹ́nu ẹ̀kọ́ ìtọ́jú etíkun

Ẹni tó bá ń wá iye owó ilé-ẹ̀kọ́ tí mo ti kọ́ ìtọ́jú etíkun ní Ísafjörður, lórílẹ̀-èdè Iceland, àti àwọn ìwé tí wọ́n ń béèrè, ó wà lórí ìkànnì wọn. Ọ̀rọ̀ ìkòkò ọbẹ̀ kan ló mú mi jókòó kọ èyí.

Oṣù Kejìlá ni, ọdún kìíní mi. Ọmọ ilé wa kan tó ń bọ̀ láti Èkó bá mi gbé orí panla mẹ́fà wá, èyí tí ìyá mi rà lọ́jà Ìgbókọ̀dá. Mo rẹ díẹ̀ sómi mọ́jú, mo fi se ọbẹ̀ ata pẹ̀lú epo pupa. Ó ti tó oṣù mẹ́rin tí mo ti jẹ oúnjẹ ilé gbẹ̀yìn. Mi ò tíì bu ṣíbí kejì tí lándílọ́ọ̀dù fi kan ilẹ̀kùn. Kò kí mi. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó fọwọ́ bo imú, ó ní òórùn náà ti wọ inú ògiri, pé kí n kó ẹrù mi kó tó di ọjọ́ Jímọ̀, àti pé owó ìdógò mi, 150,000 króna, òun máa fi tún ilé kùn ni. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹja ni. Ẹ̀yin náà ń jẹ harðfiskur, ẹja gbígbẹ ni, bọ́tà lẹ fi ń jẹ ẹ́." Ó ní ìyẹn ò jọ èyí. Ó bá tirẹ̀ lọ. Ọbẹ̀ náà tutù sínú abọ́; ọ̀fun mi ò gbà á mọ́.

Kí ẹ lè mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi dùn mí tó bẹ́ẹ̀: ìlú kékeré ni Ísafjörður ní Westfjords, àríwá ìwọ̀-oòrùn Iceland, àwọn ará ibẹ̀ ò tó 3,000. Òkè yí i ká débi pé láti ìparí oṣù Kọkànlá títí di nǹkan bí ọjọ́ 25 oṣù Kìíní, oòrùn kì í kan ìlú. Ojú ọ̀run á mọ́ díẹ̀ lọ́sàn-án, á tún ṣú. Bí ìjì bá dé, bàálù ò ní lè balẹ̀. Ilé tí èèyàn á háyà sì wọ́n bí ojú. Níbo ni mo fẹ́ gbà?

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo lọ bá obìnrin tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ àwa akẹ́kọ̀ọ́. Àìmọye ìgbà ló ti ní kí n máa pe òun lórúkọ, torí orúkọ ni gbogbo wọn fi ń pe ara wọn níbẹ̀, títí kan ọ̀jọ̀gbọ́n. Ẹnu mi ò gbà á, "Mà" ni mò ń pè é. Ó gba ìwé àdéhùn ilé lọ́wọ́ mi, ó kà á ní ìlà kan tẹ̀lé ìkejì, ó ń túmọ̀ rẹ̀ fún mi bó ṣe ń kà á lọ. Kò síbi tí wọ́n ti dárúkọ òórùn. Ó pe lándílọ́ọ̀dù, kò gbé e. Ó tún pè é, ó pé ẹ̀ẹ̀mẹta. Ó bá dìde, ó mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò, ó ní, "Jẹ́ ká lọ kó ẹrù rẹ." Òun fúnra rẹ̀ ló gbé àpótí tó wúwo jù sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn tí yìnyín ti bò. Yàrá ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ń gbé Reykjavík ni mo sùn sí fún ọjọ́ mẹ́sàn-án, títí a fi rí yàrá míì. Lálẹ́ ọjọ́ kẹta, ó ní kí n wá se panla tó kù. Omi ń dà lójú rẹ̀ nítorí ata, ó sì tún bu sí i.

Ọjọ́ tí oòrùn padà, wọ́n din pankéèkì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, wọ́n po kọfí, gbogbo ìlú jáde. Èmi náà jáde. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń gbádùn ibẹ̀.

Ẹ̀kọ́ náà le. Kọ́ọ̀sì kan ṣoṣo lẹ máa dojú kọ fún ọ̀sẹ̀ bíi méjì sí mẹ́ta kí ẹ tó bọ́ sí òmíràn. Ibẹ̀ ni mo ti mọ bí Iceland ṣe na ààlà ìpẹja rẹ̀ dé 200 máìlì lórí òkun ní 1975, tí àwọn àti Gẹ̀ẹ́sì sì forí gbárí, àti bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í pín ẹja kọ́ọ̀dù fún ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ní 1984. Nígbà tó yá, ìpín yẹn di ohun títà, àwọn abúlé kan sì wà létí òkun tí kò sí ìpín lọ́wọ́ wọn mọ́. Mi ò fẹ́ irú ẹ̀ fún wa ní Ìlàjẹ, mo sì wí bẹ́ẹ̀ ní kíláàsì.

Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n kó wa lọ sí Reykjanes, níbi tí wọ́n ti ń fi ooru inú ilẹ̀ gbẹ ẹja. Orí kọ́ọ̀dù ló kún orí pẹpẹ láti ilẹ̀ dé òkè. Mo bi òṣìṣẹ́ tó ń rán ẹnu àpò pé níbo ló ń lọ. Ó ní, "Nàìjíríà." Òórùn tó wà níbẹ̀, òórùn ìkòkò mi gẹ́lẹ́ ni. Mo jáde síta, mo sunkún.

Àmọ́ Flateyri ni mi ò ní gbàgbé láéláé. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹwàá 1995, òjò dídì ya láti orí òkè bo abúlé náà, ó pa èèyàn 20. Ìjọba mọ òkìtì ńlá sókè abúlé. Nígbà tó tún ya ní oṣù Kìíní 2020, òkìtì yẹn ló darí èyí tó pọ̀ jù lọ sí ẹ̀gbẹ́. Díẹ̀ fò ó kọjá, ó bo ọmọbìnrin kan mọ́lẹ̀, wọ́n hú u jáde láàyè. Ẹnikẹ́ni ò kú. Àwọn ará ibẹ̀ ò ju nǹkan bí 200 lọ. Mo dúró lórí òkìtì yẹn, Ayétòrò ìlú bàbá mi ló wá sí mi lọ́kàn, ìlú tí wọ́n tẹ̀ dó ní 1947, tí òkun ń jẹ ilé àti iboji rẹ̀ lọ lójú wa. Òun ni mo fi ṣe iṣẹ́ àpilẹ̀kọ mi.

Máàkì tí mo fún ọdún méjì náà: 3 nínú 5. Owó ìdógò mi ò tíì padà.