Áàpù Windows lórí thin client Linux: FreeRDP, Citrix àbí Horizon?

Ohun tí à ń wá nìyí: áàpù ń ṣiṣẹ́ lórí sáfà Windows lọ́hùn-ún, fèrèsé rẹ̀ nìkan ló ń yọ lórí thin client Linux, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré tó ń gbára lé sáfà, tó wà níwájú òṣìṣẹ́. Kò sí desktop inú desktop. Òṣìṣẹ́ á tẹ Alt-Tab bọ́ síbẹ̀, á kọ́pì ọ̀rọ̀ láti inú rẹ̀ sínú lẹ́tà, kò sì ní mọ̀ pé ẹ̀rọ mìíràn ló ń ṣe é. Ọ̀pọ̀ ọjà ló ń pariwo pé àwọn ń ṣe èyí, ṣùgbọ́n iṣẹ́ wọn ò dọ́gba.

Kẹ́ ẹ tó náwó rárá, ẹ kọ́kọ́ fi Wine, sọ́fítíwià tó ń jẹ́ kí áàpù Windows ṣiṣẹ́ lórí Linux, dán áàpù náà wò. Tó bá ṣiṣẹ́ níbẹ̀, tí ẹ̀rọ yín sì lágbára tó o, ẹ ò nílò sáfà kankan.

Tí kò bá ṣiṣẹ́, owó Microsoft lẹ máa kọ́kọ́ ṣírò, torí kò sí ọjà kankan nínú àwọn wọ̀nyí tó yọ yín kúrò nínú rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tàbí ẹ̀rọ yòówù tó bá ń lo áàpù lórí Windows Server gbọ́dọ̀ ní RDS CAL (ìwé àṣẹ tí Microsoft ń tà fún lílo sáfà láti ọ̀nà jíjìn), yàtọ̀ sí CAL ti Windows Server fúnra rẹ̀. Ọjọ́ 120 péré ni wọ́n fi ń gbà yín láyè láìsí RDS CAL. Bí ẹni mẹ́ta bá ń pín ẹ̀rọ kan lò láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́, CAL ti ẹ̀rọ ló máa dín owó yín kù. Bí ẹnì kan bá ń lo ẹ̀rọ mẹ́ta, ẹ ra ti èèyàn. Nítorí náà, tí wọ́n bá sọ fún yín pé ọ̀fẹ́ ni FreeRDP, sọ́fítíwià tí Linux fi ń bá sáfà Windows sọ̀rọ̀, òótọ́ ni, àmọ́ ọ̀dọ̀ thin client nìkan ni ọ̀fẹ́ yẹn mọ.

FreeRDP

Òun ni mo fẹ́ràn jù fún ibi iṣẹ́ kékeré tó ní áàpù kan tàbí méjì. Ara rdesktop, sọ́fítíwià tó ṣáájú rẹ̀ nínú irú iṣẹ́ yìí, ló ti yà ní 2009. RemoteApp tó bá Windows Server 2008 dé, ìyẹn ọ̀nà tí Microsoft fi ń yọ fèrèsé áàpù nìkan, ló sì ń lò. Àṣẹ tó ń ṣí áàpù ò le:

xfreerdp /v:safa /u:olulo /app:program:"||Excel" +clipboard /printer

Ẹ wo ọ̀pá méjì (||) tó ṣáájú Excel yẹn dáadáa. Àwọn ló ń sọ fún sáfà pé orúkọ tẹ́ ẹ fún áàpù níbẹ̀ lẹ̀ ń pè, kì í ṣe ibi tí fáìlì wà. Bẹ́ ẹ bá gbàgbé àmì ọ̀rọ̀ (" ") tó yí wọn ká, Linux á rò pé ẹ fẹ́ so àṣẹ kan mọ́ òmíràn ni, kò sì ní sí ohun tó máa ṣí.

Ibi tó ti ń dùn mí sí i ni pé àṣẹ kọ̀ọ̀kan ń bá sáfà sọ̀rọ̀ lọ́tọ̀. Bẹ́ ẹ bá ṣètò sáfà pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni olùlò lè wọlé, áàpù kejì lè lé àkọ́kọ́ dànù. Àwọn fèrèsé kéékèèké tó ń yọ nínú áàpù náà máa ń ṣì yọ níbi tí kò yẹ nígbà míì, pàápàá lórí ojú ẹ̀rọ méjì tí ìwọ̀n wọn ò dọ́gba. X11, ètò àtijọ́ tó ń gbé fèrèsé sójú Linux, sì ni xfreerdp ń lò. Lórí Wayland tó jẹ́ ètò tuntun, inú XWayland tó ń ṣe bíi X11 ló ń gbà.

Ti rdesktop pẹ̀lú SeamlessRDP, àfikún rẹ̀ tó ń yọ fèrèsé áàpù nìkan, ẹ fi í sílẹ̀. 2019 ni ẹ̀dà 1.9.0 ti rdesktop jáde, kò sì sí ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ bó ṣe yẹ mọ́.

Citrix àti Horizon

Ọ̀fẹ́ ni Workspace app fún Linux, ìyẹn áàpù Citrix tó ń wà lórí thin client. Sọ́fítíwià tó wà lọ́dọ̀ sáfà ni Citrix ń gbowó lé. Ohun tí owó yẹn ń ṣe hàn gbangba: áàpù kejì àti ìkẹta ń wọ inú ìwọlé kan náà láìtún béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà, áàpù tuntun sì ń yọ fún òṣìṣẹ́ láìjẹ́ pé ẹ fọwọ́ kan thin client kankan. IGEL OS àti HP ThinPro, àwọn Linux tí wọ́n ṣe fún thin client, ń gba Workspace app. Bí òṣìṣẹ́ yín bá pọ̀, tí wọ́n sì ń lo káàdì, ẹ̀rọ ìskánì àti kámẹ́rà, mi ò ní gbà yín nímọ̀ràn pé kẹ́ ẹ máa fi FreeRDP tiraka.

Horizon ń ṣe irú iṣẹ́ yìí náà. VMware ló ni í tẹ́lẹ̀, kó tó di ti Omnissa ní 2024. Bẹ́ ẹ bá ti ń lò ó fún desktop, ẹ fi áàpù kún un níbẹ̀. Bẹ́ ẹ ò bá lò ó rí, Citrix ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Èyí tó wù kẹ́ ẹ yàn, ẹ gba èyí tẹ́ ẹ lè dán wò lórí thin client yín gan-an, kì í ṣe lórí laptop olùtajà. Áàpù yín tó le jù ni kẹ́ ẹ fi dán an wò, èyí tó ń ṣí fèrèsé bíi mẹ́wàá. Ẹ fà á láti ojú ẹ̀rọ kan sí èkejì, ẹ fi tẹ ìwé jáde, ẹ yọ wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì fún ìṣẹ́jú kan kẹ́ ẹ dá a padà. Lẹ́yìn náà, ẹ pa áàpù, kẹ́ ẹ lọ wò ó lórí sáfà bóyá olùlò náà ti jáde lóòótọ́.