Kí Ni Kí Ẹ Rà Tẹ́ Sábẹ́ Ẹṣin Yín?

Ẹ̀yin tí ẹ ń sin ẹṣin ní apá Ohio, Kentucky àti Missouri l'Amẹ́ríkà, ẹ̀yin gan-an ni mò ń bá wí, nítorí agbègbè yín ni igi black walnut ti ń hù. (Kì í ṣe awùsá tí à ń sè jẹ nílé o.)

Èérún pákó láti ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń kan àga ló dínwó jù. Àwọn mìíràn tiẹ̀ ń fi tọrẹ. Òun náà ló léwu jù. Black walnut ni wọ́n fi ń kan àga olówó ńlá àti ìdí ìbọn, gbogbo ohun tí ẹ̀rọ bá sì fá lóòjọ́ ni wọ́n ń gbá pọ̀ sójú kan. Bí ìdá 20 péré nínú 100 ohun tí ẹ tẹ́ bá jẹ́ ti igi yìí, ó tó ṣe ẹṣin léṣe. Kò dìgbà tó bá jẹ ẹ́. Kó ṣáà ti dúró lórí rẹ̀ ni. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, ẹsẹ̀ á ti wú, pátákò á gbóná, ẹṣin á kọ̀ kò ní yísẹ̀. Laminitis nìyẹn: ẹran fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó so eegun mọ́ pátákò ló ń bàjẹ́. Bí eegun náà bá yẹ̀ nínú pátákò, ẹṣin lè má rìn dáadáa mọ́ láé.

Èérún páìnì inú àpò wọ́n jù ú lọ, òun ni mo sì fọwọ́ sí. Wọ́n ti fi ooru gbẹ ẹ́, orúkọ igi sì wà lára àpò. Àpò tí kò bá dárúkọ igi, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó ni ín.

Koríko àlìkámà gbígbẹ kò ní wàhálà walnut rárá. Òun ló dára jù fún abo ẹṣin tó fẹ́ bí, torí èérún pákó máa ń lẹ̀ mọ́ ara ọmọ tuntun. Ṣùgbọ́n ẹṣin a máa jẹ ẹ́, èyí tó bá sì ti bu á mú un wúkọ́.

Kóró pákó tí wọ́n fún pọ̀ ń fa ìtọ̀ dáadáa, àmọ́ ẹ má ra èyí tí wọ́n ṣe fún sítóòfù.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ kan sórí bébà funfun. Páìnì á mọ́ ràkọ̀ràkọ̀. Inú black walnut dúdú bíi kòkó. Àwọ̀ nìkan kò tó o, torí etí igi náà funfun: ẹ béèrè igi tí wọ́n là lọ́sẹ̀ yẹn.

Bí ẹ bá ti tẹ́ ẹ kẹ́ ẹ tó mọ̀, ẹ mú ẹṣin kúrò níbẹ̀ kíá, ẹ fi ọṣẹ àti omi tútù fọ ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹ ki pátákò bọ yìnyín, kẹ́ ẹ sì pe dókítà ẹranko lójú ẹsẹ̀.