MP3 àbí FLAC: èwo lo máa sọ sídíì ẹ dà?
Páálí sídíì fújì àti jùjú tó wà nílé yẹn, MP3 lo máa sọ ọ́ dà ni àbí FLAC, oríṣi fáìlì orin méjì tí kọ̀ǹpútà àti fóònù ń lò? MP3 ò gba àyè, sídíì wákàtí kan ní 320 kbps (ìwọ̀n dátà orin ní ìṣẹ́jú-àáyá kan) ò ju bíi 144 MB lọ, fóònù tí ò ní lè kọ ọ́ ò wọ́pọ̀, àmọ́ ó ti gé lára ohùn, kò sì ṣeé dá padà. FLAC ò gé nǹkan kan, ó kàn wúwo ni, àwọn rédíò mọ́tò kan ò sì ní dá a lóhùn rárá. Nínú ariwo ọjà Olú-Òde l'Òṣogbo ńbí ṣá, ta ló fẹ́ mọ̀yàtọ̀! Tí ìlà bá ti ń pọ̀ lára sídíì ẹ, FLAC ni, wàá ṣì rí MP3 yọ lára ẹ̀. Tó bá jẹ́ fóònù kékeré ni, MP3 ti tó.