Ìwàásù ẹsẹ dé ẹsẹ àbí ìwàásù lórí àkòrí, èwo ló dáa jù?

Àwọn oníwàásù kan á mú ìwé kan nínú Bíbélì, wọ́n á tẹ̀lé e láti orí kìíní títí á fi parí. Àwọn míì á mú àkòrí, bí ìdáríjì àbí owó, wọ́n á wá ẹsẹ jọ fún un.

Ti àkọ́kọ́ yẹn ò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ o, Zwingli, ọ̀kan lára àwọn aṣáájú tó bẹ̀rẹ̀ ìjọ Pùròtẹ́sítáǹtì, ti ń ṣe é ní ìlú Zurich ní Switzerland láti 1519, ìwé Mátíù ló fi bẹ̀rẹ̀, Calvin náà, aṣáájú Pùròtẹ́sítáǹtì míì, ṣe é, wọ́n lé e kúrò ní ìlú Geneva ní 1538, nígbà tó padà dé ní 1541, ibi tó bá a dé gan-an ló ti ń bá ìwàásù ẹ̀ lọ. Ohun tí mo fẹ́ràn níbẹ̀ ni pé pásítọ̀ ò lè fo ibi tó le, tó bá kan Jákọ́bù 5, àwọn olówó tó ń jẹ owó òṣìṣẹ́ mọ́lẹ̀, àfi kó sọ ọ́, kò sì sẹ́ni tó máa ní òun ló dìídì ń bá wí.

Àkòrí náà wúlò, pàápàá tí àjálù bá ṣẹlẹ̀, ó sì rọrùn láti gé sí fídíò kékeré sórí YouTube. Àmọ́ èèyàn lè já ẹsẹ kúrò níbi tó wà, bíi Fílípì 4:13 tí wọ́n ń fi gbàdúrà àṣeyọrí ṣáá, bẹ́ẹ̀ ẹsẹ 12 tó ṣáájú ẹ̀, bí Pọ́ọ̀lù ṣe kọ́ láti wà nínú ebi àti nínú ọ̀pọ̀ ló ń sọ.

Èmi o, ẹsẹ dé ẹsẹ ni kí ìjọ máa gbọ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí wọ́n fi àkòrí sí ìgbà tí nǹkan pàtàkì bá ṣẹlẹ̀.