Ẹ̀bùn Wo Lẹ Máa Gbé Dání Lọ Sílé Onínàwó Lọ́dún Kérésì? Ìfiwéra fún Ẹni Tó Fẹ́ Rajà

Bí oṣù Dìsẹ́ńbà bá ti dé ìdajì, ìpè á ti máa wọlé lọ́tùn-ún lósì: ẹ wá bá wa jẹun Kérésì, àwọn ọmọ ti ti ìlú òyìnbó dé, ẹbí máa pé jọ lọ́jọ́ kejì ọdún. Àwa kì í wọ ilé ẹni tó dáná dè wá lọ́wọ́ òfìfo, ìyẹn ò ní àríyànjiyàn. Ohun tó máa ń da èèyàn láàmú ni ohun tó máa rà, torí owó ọjà ń gun òkè bí ọdún ṣe ń sún mọ́lé, gbogbo ṣọ́ọ̀bù ló sì ti to nǹkan dídán síta.

Mo máa ń gbàlejò ọdún nílé mi n'Ìbàdàn, mo sì mọ èyí tó máa ń wúlò fún onílé àti èyí tó máa ń di ẹrù sí i lọ́rùn. Ìbéèrè méjì ni mo fi ń wọn ẹ̀bùn wò. Ṣé kò ní fi iṣẹ́ kún iṣẹ́ onílé lọ́jọ́ náà? Ṣé á rí i lò nígbà tí àlejò bá túká? Ẹ̀bùn tó bá yege nínú méjèèjì, ẹ rà á, bó tilẹ̀ kéré.

Hámpà: ẹ ra èyí tí wọ́n ti dì, àbí ẹ dì í fúnra yín?

Hámpà tí wọ́n ti dì sílẹ̀ rọrùn púpọ̀. Ẹ wọlé, ẹ nawọ́ sí i, ẹ sanwó, ó parí. Bí ilé tí ẹ fẹ́ dé bá pọ̀, tàbí tó jẹ́ ọ̀gá ibi iṣẹ́ lẹ fẹ́ gbé e lọ fún, kò burú. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo inú rẹ̀. Apẹ̀rẹ̀ tó ga dé ìbàdí, ìsàlẹ̀ rẹ̀ lè jẹ́ páálí àti bébà tí wọ́n gé wẹ́wẹ́. Lókè lẹ máa rí ìgò wáìnì kan, agolo mílíìkì, kọnfúléèsì kékeré, bisikíìtì àti jùúsì. Owó apẹ̀rẹ̀, owó rọ́bà tí wọ́n fi wé e àti owó iṣẹ́ ẹni tó dì í, gbogbo rẹ̀ ló wà nínú iye tí wọ́n ní kẹ́ ẹ san.

Ohun tó tún máa ń ká mi lára ni pé rọ́bà yẹn kì í jẹ́ kéèyàn rí ẹ̀yìn agolo. Ẹ sọ fún ẹni tó ń tajà pé kó tú u. Ẹ wo ọjọ́ tí ọjà kọ̀ọ̀kan máa bàjẹ́, ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC lára ohun jíjẹ àti ohun mímu. Bí kò bá fẹ́ tú u, ẹ fi sílẹ̀ fún un, ẹ kọjá sí ṣọ́ọ̀bù tó kàn.

Èyí tí ẹ bá dì fúnra yín máa gba ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo sì rọ̀ yín kẹ́ ẹ fún un ní ìrọ̀lẹ́ náà. Dípò apẹ̀rẹ̀ tí wọ́n máa kó sẹ́yìn ilé, ẹ ra ike ńlá oníderí tàbí agbada tó lágbára, kí ohun tẹ́ ẹ fi di ẹ̀bùn fúnra rẹ̀ jẹ́ ẹ̀bùn. Lẹ́yìn náà, ẹ ro ti January. Àwọn ọmọ máa wọlé padà sílé ìwé lẹ́yìn ọdún, àwọn tó wà nílé ìwé tí wọ́n ń gbé inú rẹ̀ sì máa ní àpótí tó gbọ́dọ̀ kún. Mílíìkì, Milo, ṣúgà, kọnfúléèsì, ọṣẹ, gàrí: ohun tí ìyá wọn máa fi owó tó ti tán lọ́wọ́ rẹ̀ rà lóṣù tó ń bọ̀ nìyẹn. Bí onílé bá ní ọmọ ní bọ́díǹ, hámpà báyìí lu ti ṣọ́ọ̀bù bolẹ̀ ní gbogbo ọ̀nà. Bí kò bá sí ọmọ nílé mọ́, ẹ fi òróró, sẹ̀mó àti tòmátò alágolo rọ́pò.

Ohun mímu

Ìgò wáìnì ni ọ̀pọ̀ èèyàn kọ́kọ́ máa ń rò, torí ó ṣe é gbé, ó sì níyì lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹ mọ ilé tẹ́ ẹ ń lọ. Láàárín wa, bàbá lè jẹ́ Mùsùlùmí kí ìyá jẹ́ Kìrìsìtẹ́nì, kí wọ́n jọ máa jẹ ìrẹsì Kérésì láìsí wàhálà. Ìjọ mìíràn náà ò sì fẹ́ kí ọtí dé ẹnu ọmọ ìjọ rárá. Kò sí ohun tó burú nínú kẹ́ ẹ pe àbúrò onílé kẹ́ ẹ bi í. Bí ẹ bá fẹ́ ra èyí tí kò lọ́tí nínú, ẹ má fi ojú ìgò nìkan rà á, torí àwọn ìgò náà jọra púpọ̀. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ ìwọ̀n ọtí sí: wáìnì gidi sábà máa ń wà láàárín 11% sí 14%, èyí tẹ́ ẹ ń wá gbọ́dọ̀ jẹ́ 0.0%.

Jùúsì inú páálí kì í mú wàhálà wá, tọmọdé tàgbà ló ń mu ún, èyí tó bá sì ṣẹ́ kù máa wúlò. Kò ní iyì ìgò, àmọ́ páálí jùúsì méjìlá lódindi ń sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀.

Ẹ̀bùn kan wà tí ẹnikẹ́ni kì í kà sí ẹ̀bùn, òun ló sì máa ń mú orí onínàwó wú jù lọ: yìnyín àti omi. Ẹni tó bá ti gbàlejò ní December rí á mọ̀. Iná lè lọ láàárọ̀, fíríìjì kan ò lè mú omi ogójì èèyàn tutù, ọmọ tí wọ́n rán lọ ra yìnyín á sì ní ó ti tán ní gbogbo àdúgbò. Àlejò tó bá dé ní agogo méjìlá ọ̀sán pẹ̀lú kúlà tó kún fún yìnyín àti páàkì omi bíi mélòó kan lábẹ́ apá, onílé máa gbàdúrà fún un títí ọdún tó ń bọ̀. Bí ẹ bá wá fi kúlà náà sílẹ̀ fún wọn, ẹ̀bùn ọjọ́ náà àti ẹ̀bùn ẹ̀yìn ọ̀la ti pé síbì kan. Owó ìgò wáìnì olówó gọbọi lè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó gbogbo rẹ̀. Bí ẹ bá ní kí n yan ọ̀kan, ti kúlà ni mo máa yàn láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Adìyẹ ààyè àti ìrẹsì

Àkùkọ ńlá tí wọ́n so lẹ́sẹ̀ níyì, pàápàá lójú àwọn àgbà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbé e dé ní ọjọ́ ọdún gan-an, iṣẹ́ lẹ gbé wá: ẹnì kan máa pa á, ẹnì kan máa sè omi gbígbóná, ẹnì kan máa tu ìyẹ́ rẹ̀, nígbà tí ìkòkò ọbẹ̀ ti wà lórí iná. Ẹ fi ránṣẹ́ ní ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta ṣáájú, tàbí kẹ́ ẹ ní kí àwọn tó ń tu adìyẹ lọ́jà bá yín ṣe é mọ́, kẹ́ ẹ sì gbé e dé láàárọ̀ ọjọ́ tó ṣáájú ọdún. Bí onílé bá jẹ́ Mùsùlùmí, ẹ fún un láàyè kó lè pa á bí ẹ̀sìn rẹ̀ ṣe là á sílẹ̀.

Ìrẹsì ò ní ìyọnu wọ̀nyẹn. Àpò 50kg jẹ́ ẹ̀bùn ọlọ́lá, àmọ́ 10kg tàbí 5kg kì í ṣe ohun ìtìjú. Níbi tí mo ti fẹ́ kẹ́ ẹ tẹsẹ̀ dúró díẹ̀ ni ìrẹsì Ọ̀fadà, èyí tí orúkọ rẹ̀ wá láti ìlú Ọ̀fadà ní Ìpínlẹ̀ Ògùn. Ìrẹsì òkèèrè ló kún ilé gbogbo èèyàn lákòókò yìí. Ọ̀fadà tó mọ́, nínú àpò kékeré, máa wà ní kọ̀rọ̀ títí wọ́n á fi ráyè sè é pẹ̀lú ata ayamáṣe nígbà tí ìrẹsì pupa bá ti sú wọn. Ìṣòro rẹ̀ ni òkúta. Ẹ béèrè èyí tí wọ́n ti fi ẹ̀rọ ṣa òkúta kúrò nínú rẹ̀, kẹ́ ẹ sì bu ẹ̀kúnwọ́ kan wò lójú oòrùn kẹ́ ẹ tó sanwó.

Ohun ilẹ̀ wa

Fún ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀, ibí ni mo máa ń darí wọn sí.

Oyin máa ń pẹ́, ó sì dára fún tọmọdé tàgbà, yàtọ̀ sí ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan: oyin lè ṣe irú wọn ní jàǹbá, kẹ́ ẹ sọ fún onílé bí ọmọ ọwọ́ bá wà. Àdàmọ̀dì pọ̀ nídìí oyin. Àwọn kan á ní kẹ́ ẹ fi ìṣáná dán an wò tàbí kẹ́ ẹ ro ó sínú omi, ṣùgbọ́n ìyẹn ò fìdí nǹkan kan múlẹ̀. Bí oyin bá dì nísàlẹ̀ ìgò, kò túmọ̀ sí pé wọ́n lú u, oyin gidi náà ń dì. Ọ̀nà tó dájú jù ni kẹ́ ẹ rà á lọ́wọ́ ẹni tó ń sin oyin tàbí ẹni tó mọ ẹni tó ń sìn ín.

Òrí kò wọ́n tó oyin, àkókò rẹ̀ sì nìyí gan-an. Ọyẹ́ ti ń gbẹ ètè àti gìgísẹ̀ àwọn èèyàn. Ẹ wá èyí tí wọn ò tíì fi kẹ́míkà fọ̀: àwọ̀ rẹ̀ kì í funfun báláú, òórùn rẹ̀ á sì wà lára rẹ̀. Ẹ rọ ọ́ sínú ìgò onídérí tó mọ́, ẹ fi ọṣẹ dúdú kan tì í, ó ti di ẹ̀bùn tó péye fún ìyá àgbà inú ilé.

Gàrí Ìjẹ̀bú àti dòdò Ìkirè ń bá ara wọn díje lójú ọ̀nà. Gàrí Ìjẹ̀bú tó gbẹ dáadáa, tó kan, á wà fún oṣù mélòó kan nínú ike tí afẹ́fẹ́ ò wọ̀. Dòdò Ìkirè, tí ẹ máa rí rà bí ẹ bá ń gba ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀, dùn lẹ́nu ju ọ̀pọ̀ kéèkì lọ, ṣùgbọ́n kì í pẹ́ nílẹ̀ tó gàrí. Fún ibi tí ọmọdé bá pọ̀ sí, ẹ fi àádùn, kókóró àti róbó kún un.

Ẹni tó bá ń gbé ẹ̀bùn láti ilé lọ fún onínàwó ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ yọ kílíṣí àti ẹran gbígbẹ kúrò nínú àpótí. Òfin Britain kò gba ẹran láti Nàìjíríà wọlé nínú ẹrù èrò, wọ́n á sì gbà á lọ́wọ́ yín ní pápákọ̀. Gàrí àti òrí ni kẹ́ ẹ gbé.

Àwo tàbí àdìrẹ?

Bí onílé bá jẹ́ ẹni tẹ́ ẹ fẹ́ fi ọ̀wọ̀ pàtàkì hàn sí, ìyá ọkọ, ẹ̀gbọ́n bàbá, ẹni tó gbà yín sílé nígbà tẹ́ ẹ kọ́kọ́ wọ ìlú, ẹ wá ohun tó máa dúró nílé. Èrò àwo àti abọ́ ló máa ń kọ́kọ́ wá. Ẹ má gbàgbé pé ilé Yorùbá ti kún fún abọ́ ike, tírè àti ife tí wọ́n pín níbi ìnáwó, pẹ̀lú orúkọ ayẹyẹ lára wọn. Àwo tánganran alápapọ̀ sì lè fọ́ kẹ́ ẹ tó jáde nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Bí ẹ bá fẹ́ ra nǹkan ìdáná, ẹ ra ẹyọ kan tó tóbi: ìkòkò tó lè se ìrẹsì ogún èèyàn, kì í ṣe sẹ́ẹ̀tì.

Àdìrẹ ló wù mí jù. Kì í fọ́, kò wúwo, kò sì nílò kẹ́ ẹ mọ ìwọ̀n ara ẹnikẹ́ni bí ẹ bá rà á ní ọ̀pá. Ọ̀pá méjì á ṣe aṣọ tábìlì tàbí ìbòrí ìrọ̀rí. Bí ẹ bá fẹ́ kó tó ìró àti bùbá, ẹ bi télọ̀ yín léèrè kẹ́ ẹ tó gé e. Ọjà Ìtòkú l'Abẹ́òkúta ni wọ́n mọ̀ fún un jù, Òṣogbo náà sì ní tirẹ̀. Àdìrẹ oníko, èyí tí wọ́n fi okùn dì kí wọ́n tó rẹ ẹ́, kì í sábà wọ́n tó ẹlẹ́kọ. Ẹlẹ́kọ ni wọ́n fi ìyẹ́ tàbí igi ya pẹ̀lú ẹ̀kọ láfún, kí aró má bàa wọ ibi tí wọ́n yà. Iṣẹ́ ọwọ́ ẹnì kan fún ọjọ́ púpọ̀ ló wà nínú ẹyọ aṣọ kan, owó rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ fi hàn bẹ́ẹ̀. Fún ìyá ọkọ, ẹlẹ́kọ. Fún ọ̀rẹ́ tó pè yín wá jẹ ìrẹsì, oníko tó.

Ẹ ṣọ́ra fún èyí tí ẹ̀rọ tẹ̀ ní òkèèrè tí wọ́n ń pè ní àdìrẹ. Ẹ yí aṣọ padà. Aṣọ tí wọ́n rì bọ inú aró, aró á ti wọ ẹ̀yìn rẹ̀ bákan náà. Èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ funfun tàbí tó ṣí, tí gbogbo àwòrán rẹ̀ sì bára wọn dọ́gba láìsí ìyàtọ̀ bí ìka ọwọ́, ẹ̀rọ ló ṣe é. Kò wọ́n, àmọ́ ẹ má sanwó àdìrẹ sórí rẹ̀. Ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé kékeré tẹ́ ẹ fi sínú rẹ̀ pé kí wọ́n dá a fọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́, torí àwọ̀ rẹ̀ máa ń ṣí díẹ̀.

Owó ńkọ́?

Owó kì í ṣe ẹ̀bùn ẹni tí kò rò ó, pàápàá níbi tí ẹ ti mọ̀ pé ìnáwó ti tán onílé lápò. Ẹ fi sínú àpòòwé, tàbí kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí àkáǹtì rẹ̀ ní bíi ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, kó lè fi ra ohun tó kù. Níná an lójú agbo ló ní ewu. Abala 21 nínú Òfin Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà ti ọdún 2007 ka fífọ́n náírà ká àti títẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ lóde ìnáwó sí ẹ̀ṣẹ̀: ẹ̀wọ̀n tí kò dín ní oṣù mẹ́fà, tàbí owó ìtanràn tí kò dín ní ₦50,000, tàbí méjèèjì. Àpòòwé ni mo fara mọ́.

Ṣokoléètì máa ń yọ́ nínú ọkọ̀, àfi bí ẹ bá ní kúlà. Lọ́fínńdà jẹ́ ọ̀rọ̀ imú ẹlòmíràn. Òdòdó gidi ń fẹ́ ìgò àti omi lásìkò tí kò sẹ́ni tó ráyè wá a.

Ohunkóhun tẹ́ ẹ bá rà, ẹ kọ orúkọ yín sára rẹ̀, torí ẹ̀bùn máa ń pọ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, onílé á sì fẹ́ mọ ẹni tó máa pè láàárọ̀ ọjọ́ kejì láti dúpẹ́ àná. Ẹ má gbé e lé e lọ́wọ́ nígbà tó bá wà nídìí iná. Ẹ wá ọmọ rẹ̀ tàbí àbúrò rẹ̀, kó bá yín gbé e wọ yàrá. Àwọn tó bá sì fẹ́ ra àdìrẹ ẹlẹ́kọ, ẹ ti lọ bá aláró kí ọ̀sẹ̀ kejì oṣù tó tán.