Báàgì Ghana Must Go tí mo rà ní Ògùnpa: ẹrù rẹ̀ àti orúkọ rẹ̀

Nígbà tí ọmọ mi obìnrin fẹ́ padà sí ilé ẹ̀kọ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́ ní oṣù tó kọjá, mo ra báàgì Ghana Must Go mẹ́ta ní ọjà Ògùnpa níhìn-ín ní Ìbàdàn, ńlá méjì àti kékeré kan. Mo dúró títí a fi kó ẹrù lọ tí a sì kó o dé kí n tó kọ àyẹ̀wò yìí, nítorí pé báàgì tí a kò tíì di ẹrù sí kò ṣeé yìn, kò sì ṣeé bú.

Ó gba ẹrù. Aṣọ ìbora méjì, ìrọ̀rí, ìkòkò mẹ́ta, bàtà àti àpò gàrí kan ni a kó sínú ńlá kan, àyè sì tún kù. Ike tí wọ́n fi hun ún fúyẹ́, òjò kò tètè wọ inú rẹ̀, bí a bá sì tú ẹrù tán, a lè ká a pẹlẹbẹ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Síìpù rẹ̀ ni kò ṣeé fọkàn tán: ti ọ̀kan nínú wọn ya kí ọkọ̀ tó dé Ọ̀yọ́, okùn ni a fi dì í dé ibi tí à ń lọ. Mo yẹ báàgì náà wò tinú tòde, bóyá màá rí orúkọ ẹni tí ó ṣe é kí n lè mọ ẹni tí màá fẹjọ́ sùn, n kò rí nǹkan kan. Orúkọ kan ṣoṣo tí ó ní ni èyí tí àwa fún un, ó sì yẹ kí ẹni tí yóò rà á mọ ibi tí orúkọ náà ti wá.

Ní ọjọ́ 17 oṣù Kìíní ọdún 1983, Alhaji Ali Baba, mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé nínú ìjọba Ààrẹ Shehu Shagari, kéde pé kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú fi Nàìjíríà sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ láti palẹ̀ mọ́. Àwọn tí àṣẹ náà lé tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 2, ará Gánà sì tó ìdajì wọn. Owó epo rọ̀bì ti já wálẹ̀, ìdìbò ń bọ̀ ní oṣù Kẹjọ, ó sì rọrùn fún ìjọba láti nàka sí àlejò ju kí ó nàka sí ara rẹ̀ lọ. Gánà ti ti ẹnubodè tirẹ̀ láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 1982, Tógò àti Benin náà wá ti tiwọn, débi pé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn há sójú ọ̀nà pẹ̀lú ọmọ àti ẹrù títí Gánà fi ṣí ẹnubodè ní ọjọ́ 29 oṣù Kìíní ọdún 1983. Irú báàgì yìí ni ọ̀pọ̀ wọn rù.

Ìyá tí ó tà á fún mi gbọ́ ìtàn yìí tán, ó ní, "Oníbàárà mi, ẹ ò tíì sọ ti Kúmásì. Àpótí páànù kan ṣoṣo ni bàbá mi gbé délé." Òótọ́ ni. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Kofi Busia ní Gánà fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ní ọ̀sẹ̀ méjì kan náà. Yorùbá tí ń ṣòwò ní Accra, Kúmásì àti Tamale, tí a bí ọ̀pọ̀ nínú wọn síbẹ̀, fi ṣọ́ọ̀bù, ilé àti owó tí wọ́n yá ènìyàn sílẹ̀. Àwa tí ojú wa ti rí èyí ni a wá fi orúkọ báàgì ṣẹ̀fẹ̀ lọ́dún mẹ́rìnlá lẹ́yìn náà, ìjọba ológun Buhari sì tún lé àjèjì ní 1985.

Ta ni ó dáhùn fún un? Àwọn ológun gba ìjọba lọ́wọ́ Busia ní oṣù Kìíní ọdún 1972, wọ́n sì gbà á lọ́wọ́ Shagari ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 1983, ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí àwọn tí wọ́n lé. Ohun tí ó dùn mí jù ni pé ní oṣù Kẹta ọdún 1983 náà, oṣù méjì péré lẹ́yìn ìkéde ọ̀hún, Nàìjíríà sọ Ìwé Àdéhùn Áfíríkà lórí Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn di òfin ilẹ̀ yìí, ẹ̀ka 12 rẹ̀ sì ka lílé àjèjì lọ́wọ̀ọ̀wọ́ nítorí orílẹ̀-èdè, ẹ̀yà tàbí ẹ̀sìn wọn léèwọ̀. Ìjọba ní ẹ̀tọ́ láti yẹ ìwé àlejò wò, ṣùgbọ́n ẹjọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan ni ó yẹ kí ó gbọ́. Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé kò ṣeé tún ṣe: àwọn ará Éṣíà tí Idi Amin fún ní àádọ́rùn-ún ọjọ́ láti fi Ùgáńdà sílẹ̀ ní 1972, ìjọba Museveni dá ilé àti ilẹ̀ padà fún púpọ̀ nínú wọn.

Ní Gánà, "Efiewura Sua Me" ni wọ́n ń pe báàgì yìí, èyí ni "onílé, gbé e rù mí". Àwọn ará Jámánì fi orúkọ àwọn ará Tọ́kì pè é. Orúkọ ẹni tí ó rù ú ni wọ́n máa ń dá. N kò rí ibi tí wọ́n ti fi orúkọ ẹni tí ó lé e pè é.

Nígbà tí mo gbé èyí tí síìpù rẹ̀ ya padà sí Ògùnpa, ìyá náà kò bá mi jiyàn rárá. Ó ní òun ni òun tà á, òun náà ni yóò pààrọ̀ rẹ̀, ó sì fa síìpù ti tuntun lọ fà á bọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójú mi. Náírà 3,500 ni mo ra ńlá kọ̀ọ̀kan. Ẹ ní kí wọ́n tún ọwọ́ rẹ̀ rán kí ẹ tó di ẹrù sí i.